Ohùn Lórí Àga Òfìfo

Òórùn fínígà ló kọ́kọ́ jáde kí ìdérí páànù náà tó ṣí tán. Dàwódù gbé ojú sẹ́yìn, ó sín lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹ̀fun sì já bọ́ láti inú irun rẹ̀ sórí tábìlì. Láti aago márùn-ún ìdájí ló ti ki apá ọ̀tún bọ inú ẹ̀rọ ìpo-ìyẹ̀fun ilé búrẹ́dì kan ní Agége, títí dé èjìká, tó ń wá eyín jíà kan tó kán. Ó rí i, ó pààrọ̀ rẹ̀, ó fọ ọwọ́. Kò ráyè fọ orí. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti ń sọ fún un láti bí ọdún mẹ́ta pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́.

Ó fa fíìmù inú páànù náà jáde díẹ̀, ó fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ wò. Ó ṣì rọ̀. Bí fíìmù àtijọ́ bá ti ń rùn bí fínígà, ikú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: á máa súnkì, á máa ká kò, títí eyín ẹ̀rọ kò fi ní í bá ihò etí rẹ̀ mu mọ́. Èyí ṣì lè gba inú ẹ̀rọ kọjá nígbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá wà nídìí rẹ̀.

Divine, dẹ́rẹ́bà Olóyè Olúgbénró, ló gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Àgídìngbì ní aago mẹ́sàn-án, pẹ̀lú ìwé pélébé kan. *Injíníà, ẹ bá mi wò ó fínnífínní. Aago mẹ́rin òní ni àwọn ènìyàn mi yóò péjọ lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan nínú wọn ń sọ kiri pé wọ́n gé fíìmù mi. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ wá sọ fún wọn: pé kò sẹ́ni tó gé e rí.*

Injíníà. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń pe Dàwódù bẹ́ẹ̀ láyé. Ní àwọn ilé búrẹ́dì, Bàbá Míkísà ni wọ́n ń pè é, àwọn ọmọ tó ń gbé páànù búrẹ́dì kiri kò sì mọ̀ pé ó ti ṣe iṣẹ́ mìíràn rí. Ilé Olóyè nìkan ló kù tí wọ́n ti ń bi í léèrè nípa ẹ̀rọ sinimá, tí wọ́n sì ń dákẹ́ bí ó bá ń dáhùn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Olóyè Olúgbénró, ẹni ọgọ́rin ọdún, tó ti ṣe ọ̀gá àgbà ní ilé-iṣẹ́ oògùn kan ní Ìkẹjà kó tó fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, fíìmù ló kún inú ilé rẹ̀ ní GRA. Kì í ṣe èyí tí gbogbo ayé mọ̀ o. Àwọn tí wọ́n ṣe ní ìwọ̀nba ọdún díẹ̀ tí fíìmù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ ló ń wá, èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké ṣe kí wọ́n tó kógbá sílé, tí kò sẹ́ni tó rántí orúkọ ẹni tó wà nínú wọn. "Fíìmù tí gbogbo ayé mọ̀ ti ní alágbàtọ́," ló máa ń wí. "Èyí tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, èmi ni mọ̀lẹ́bí rẹ̀."

Ọjọ́ tí Dàwódù kọ́kọ́ tún ẹ̀rọ ṣe fún un, ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, Olóyè fi ọ̀kan hàn án. Máíkì kan péré ni wọ́n ní nígbà náà, inú àwo òdòdó ni wọ́n sì máa ń fi í pa mọ́ sí, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rìn lọ sídìí òdòdó. "Ẹ wò wọ́n!" ni Olóyè ń wí, omi ẹ̀rín ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ wo bí wọ́n ṣe rọ̀gbà yí òdòdó ká, bí ewúrẹ́ tó rí èèpo iṣu!" Kámẹ́rà náà ń pariwo, wọ́n sì máa ń ti òun àti ẹni tó ń yí i mọ́ inú àpótí kan bíi kọ́bọ́ọ̀dù, tí ọkùnrin náà á fi làágùn dé bàtà. Dàwódù rẹ́rìn-ín títí ikùn fi dùn ún. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti di ọ̀rẹ́, bí ẹni tó ń gbé ní GRA àti ẹni tó ń tún míkísà ṣe bá lè jẹ́ ọ̀rẹ́.

Páànù tòní yàtọ̀. Ọwọ́ àwọn ọmọ Alhaji kan tó ti ní ilé sinimá ní Agége ni Olóyè ti rà á ní èṣín, òun àti méje mìíràn, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án látìgbà náà. Iwájú fíìmù náà ti ya, orúkọ rẹ̀ ti bá a lọ. Ohun tí Olóyè rí nínú rẹ̀ ni pé obìnrin kan wà nínú pálọ̀ pẹ̀lú ọkùnrin kan tó jókòó. Obìnrin náà kọ ẹ̀yìn sí i, ó tún yíjú padà, ó la ẹnu. Ojú ẹsẹ̀ ni àwòrán rẹ̀ pòórá. Àga òfìfo la rí, ohùn obìnrin náà sì jáde lórí àga yẹn: "David!" Ìṣẹ́jú àáyá kan péré.

Olóyè ti wo ọgọ́rọ̀ọ̀rún fíìmù ìgbà yẹn. Nínú gbogbo wọn, bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ la ó máa wò. Ẹni tó ṣe èyí, ni Olóyè wí, rí ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò tíì rí, pé a lè gbọ́ ènìyàn lórí ibi tí kò sí. Ó ti kọ ogójì ewé lórí rẹ̀. Àwọn tó ń kó irú fíìmù bẹ́ẹ̀ jọ lókè òkun ti ń kà á.

"Bàbá Sọ̀fíyàt, irun yín funfun ju ti àná lọ." Sùlíyá, ìyàwó rẹ̀, ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú àwo ẹ̀kọ àti àkàrà.

"Ìyẹ̀fun ni."

"Mo mọ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ ká lè mọ èyí tó jẹ́ ti ìyẹ̀fun." Ó gbé àwo kalẹ̀, ó fa imú. "Kí ló ń kan báyìí?"

"Fíìmù Olóyè."

"Ó ti kú nìyẹn. Ẹ ní kí wọ́n sin ín."

Dàwódù ti fi fíìmù náà sórí àgbá méjì tó máa ń fọwọ́ yí, ó sì ń jẹ́ kí etí fíìmù náà máa gba àárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá kọjá, díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń wá ojú ìso, ibi tí wọ́n ti gé fíìmù tí wọ́n sì tún so ó pọ̀, nìyẹn. Ojú ènìyàn a máa gbàgbé, ìka kì í gbàgbé. Ó yí i, ó yí i. Ìka rẹ̀ dúró.

Ó mú dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá. Ojú ìso wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó tínrín tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣú bíi ti Olóyè kò lè rí i láéláé. Kò dábùú fíìmù náà tààrà bí ẹ̀rọ ìso ṣe ń ṣe é. Ìdàgẹ̀rẹ̀ ni wọ́n gé e. Ní etí fíìmù, níbi tí ohùn ń gbà, ẹnì kan ti fi nǹkan dúdú kun onígun mẹ́ta kékeré kan sí i. Dàwódù tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ iná. Dúdú náà ń dán wínríwínrí.

Tìróò ni.

"Kí ló dé?" ni Sùlíyá bi í. "Ẹ dákẹ́ bí ẹni rí àǹjọ̀nnú."

"Iṣẹ́ ọwọ́ ẹnì kan ni mo rí."

"Ṣé iṣẹ́ náà dáa?"

"Ó dáa," ni Dàwódù wí. "Ó dáa gan-an."

Ọdún 1978 ni. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Dàwódù, òun àti ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, òun ló sì wà nídìí ẹ̀rọ ní ilé sinimá Alhaji. Fíìmù kúkúrú àtijọ́ kan wà tí wọ́n máa ń fi hàn nígbà tí àwọn ènìyàn bá ṣì ń wá ìjókòó, tí wọ́n ń ra ẹ̀pà, kí fíìmù àwọn ará Íńdíà tó bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bìkítà fún un. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Dàwódù kò fi lúùpù tó sílẹ̀. Lúùpù ni ibi tí fíìmù ti máa ń tẹ̀ kọdọrọ lókè àti nísàlẹ̀ dígí, kó lè máa fò láti àwòrán kan sí èkejì láìfa ara rẹ̀ ya. Kó tó pa ẹ̀rọ náà, eyín rẹ̀ ti jẹ fíìmù tó gùn tó apá ènìyàn méjì ní ìnà tán.

Bí Alhaji bá gbọ́, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni tó dé, ó fi bíléèdì àti rúlà gé ibi tó bàjẹ́ dànù, ó fi gọ́ọ̀mù so ó. Ìdàgẹ̀rẹ̀ ló gé e, nítorí pé bí ojú ìso bá gbà tààrà kọjá níbi tí ohùn wà, á dún "pà!" nínú gbohùngbohùn. Kó má baà dún rárá, ó yẹ kí wọ́n fi íǹkì dúdú kùn ún. Íǹkì kò sí. Ó wọ yàrá ìyá rẹ̀, ó bu tìróò, ó pò ó mọ́ gọ́ọ̀mù. Ojú gọ́tà ni ó ju èyí tó bàjẹ́ sí. Inú rẹ̀ dùn sí ìso náà tó bẹ́ẹ̀ tó fi gbàgbé ohun tí gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ máa ń gbàgbé.

Ohùn àti àwòrán kì í gbé ojú kan náà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó ń fẹ̀ tó tún ń tínrín. Ohùn nìyẹn. Iná gílóòbù kékeré á gba inú ìlà náà kọjá, á bọ́ sójú ẹ̀rọ kan tó mọ ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó kéré, ibẹ̀ ni á sì ti di ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àwòrán gbọ́dọ̀ máa dúró díẹ̀ kó tó kọjá, bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ kan tọ. Ohùn gbọ́dọ̀ máa ṣàn láìdúró. Wọn kò lè ṣe méjèèjì lójú kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tẹ ohùn síwájú àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Nígbà tí Dàwódù gé obìnrin tó ń pe David, ohùn obìnrin náà ti lọ síwájú, ó ti wà lára apá tí kò bàjẹ́. Àwòrán rẹ̀ wọ gọ́tà. Ohùn rẹ̀ kù, kò rí ẹnu tí yóò bá lọ, ó bọ́ sórí ohun tó kàn, àga òfìfo.

Ogójì ewé ni Olóyè kọ lórí èyí.

Dàwódù jẹ àkàrà kan, kò mọ adùn rẹ̀. Gbólóhùn kan ni Olóyè ní kó wá sọ. Kò sẹ́ni tó gé e rí. Ta ni yóò já a? Alhaji ti kú, ìyá rẹ̀ ti kú, gọ́tà náà ti di títì ọlọ́dà. Bí ó bá sọ òtítọ́, kò sí ohun tí yóò ti inú rẹ̀ yọ ju pé àgbàlagbà kan yóò pàdánù ohun tó ń gbé e dìde lórí ibùsùn láràárọ̀, òun náà yóò sì di Bàbá Míkísà níbi gbogbo. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Èyí ti lọ fún mẹ́tàdínláàádọ́ta, kò sì jọ pé òtítọ́ ń sáré. Bí òun kò bá rán an lọ, ibi tó wà ni yóò kú sí.

Ó dìde, ó fọ orí rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ omi. Irun náà kò fi bẹ́ẹ̀ dúdú.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé e dé ibi tó lè gbé e dé, ó fẹsẹ̀ rin èyí tó kù lábẹ́ àwọn igi GRA, páànù lábíyá. Moyọ̀sọ́lá, ọmọbìnrin Olóyè, ló ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Dádì kí wọ́n jẹun. Látàárọ̀ ni wọ́n ti ń de táì, tí wọ́n ń tú u."

Olóyè wà nínú yàrá fíìmù, ó de táì, ó wọ sílípáàsì. Kọ̀ǹpútà ti wà ní títàn lórí tábìlì, kò tíì sẹ́nì kankan nínú rẹ̀. "Injíníà! Ẹ dé. Ṣé ẹ wò ó?"

"Mo wò ó, sà."

"Kò sí ojú ìso kankan níbẹ̀, àbí?"

Dàwódù gbé páànù náà kalẹ̀ jẹ́ẹ́. "Ọ̀kan wà, sà. Níbi àga."

"Ẹ tún un wò."

"Mo tún un wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

Olóyè rọra jókòó. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. "Ẹ gbọ́, àwọn tó ṣe fíìmù náà ń so fíìmù! Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é ni wọ́n ti so ó. Bóyá àwọn gan-an ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀. Àbí kò lè rí bẹ́ẹ̀?"

Ilẹ̀kùn tó ṣí gbayawu nìyẹn. Bóyá. Ọ̀rọ̀ kan, kì í tilẹ̀ ṣe irọ́ tán. Ó rẹ Dàwódù, ì bá sì gba ibẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n ìso náà wà lójú rẹ̀, bó ṣe dọ́gba, bó ṣe ń dán. Kò lè gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fún àwọn òyìnbó kan tí kò mọ̀ rí.

"Tìróò ni wọ́n fi kùn ún, sà."

"Tìróò báwo?"

"Tìróò ìyá mi."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Moyọ̀sọ́lá, ó sì yára fọwọ́ bò ó. Dàwódù sọ gbogbo rẹ̀: lúùpù, bíléèdì, gọ́tà, bí ohùn ṣe ń ṣíwájú. Ó sọ ọ́ bó ṣe máa ń ṣàlàyé ẹ̀rọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé kò mọ ọ̀nà mìíràn tí ènìyàn ń gbà bẹ̀bẹ̀.

Olóyè tú táì rẹ̀. "Ogójì ewé ni mo kọ, Dàwódù."

Kò pe orúkọ yẹn rí láti ọdún mẹ́fà.

"Mo mọ̀, sà."

"Mo ní ọgbọ́n tó ṣíwájú àkókò rẹ̀ ni."

"Dádì, ẹ rọra," ni Moyọ̀sọ́lá wí.

"Mò ń rọra. Ṣé n kò rọra ni?" Ó ń wo táì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ní kó bá wọn mú un dání. Ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn. Dàwódù ń wá bí yóò ṣe wí pé òun ń lọ. Nígbà náà ni bàbá náà gbójú sókè.

"Kí ló wà nínú èyí tẹ́ ẹ jù nù?"

"Sà?"

"Èyí tó wọ gọ́tà. Ẹ̀yin lẹ ń fi fíìmù náà hàn kó tó já. Ó pe David. Kí ló wá ṣe? Ṣé ó bú sẹ́kún? Ibo ni ọkùnrin yẹn gbà jáde?" Ó ti dìde dúró láìmọ̀. "Injíníà, kò sẹ́lòmíràn tó rí i tó ṣì wà láyé, àfi ẹ̀yin."

Dàwódù la ẹnu. Ó lè sọ ohunkóhun. Ó lè ní obìnrin náà jókòó sórí àga, ó da aṣọ bojú. Inú Olóyè ì bá dùn fún ọdún kan. Ó wá inú ara rẹ̀ títí. Ó rí lúùpù tó ń gbọ̀n bí ọ̀fun alángbá. Ó rántí ooru gílóòbù ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, òórùn epo, ohùn bẹ́líìtì nígbà tó bá fẹ́ dẹ̀. Obìnrin kankan kò sí níbẹ̀.

"Mi ò wò ó rí, sà."

"Ẹ ò wò ó? Ìgbà mélòó lẹ fi hàn?"

"Á ju ogójì lọ. Ẹ̀rọ ni mò ń wò, sà. Ẹni tó bá gbójú kúrò lára ẹ̀rọ, fíìmù á já mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohun tí mo gbọ́ ni mo rántí. Kó tó di pé mo so ó, kò sẹ́ni tó ń dá obìnrin yẹn lóhùn. Lẹ́yìn tí mo so ó, tó bá ti pe David lórí àga yẹn, gbogbo ilé á ké mọ́ ọn pé, 'Kò sí ńlé o!' Lálaalẹ́. Àwọn mìíràn á ní, 'Ó ti bá Sàlámọ̀ lọ!'"

Olóyè wò ó. "Ní Agége?"

"Ní Agége níbí, sà."

"Kò sí ńlé o," ni bàbá náà wí wẹ́rẹ́, ó tún un wí, èjìká rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Moyọ̀sọ́lá súnmọ́ ọn, ó rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni, tàbí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nígbà tó tán, ó nu ojú, ó wo aago. Ó ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í de táì padà.

"Èmi ni n ó sọ fún wọn," ló wí. "Èmi ni mo kọ ọ́. Ẹ kọ́ Moyọ̀sọ́lá bí wọ́n ṣe ń wo lúùpù yẹn."

"Mo lè wò ó fúnra mi, sà."

"Mo mọ̀. Ẹ kọ́ ọ. Kẹ́ ẹ wá jókòó."

Dàwódù fi fíìmù náà sẹ́nu ẹ̀rọ, ó fi ọwọ́ Moyọ̀sọ́lá lé bọ́tìnì. "Ibí yìí ni kí ojú rẹ wà. Bó bá ti kéré sí báyìí, pa á. Bí ìró rẹ̀ bá yí padà, pa á."

"Tó bá já ńkọ́, sà?"

"Kò ní í já."

Ó jókòó ti Olóyè. Ara rẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń kẹ̀yìn sí ẹ̀rọ. Ó yí ọrùn padà lẹ́ẹ̀mejì, Olóyè sì fa ọwọ́ aṣọ rẹ̀. "Iwájú ni," ni bàbá náà wí.

Iná tàn. Pálọ̀ náà jáde, ó kún fún ìfọ́, bí ẹni tó wà nínú òjò. Obìnrin náà wọlé.

Ohùn rẹ̀ ti mú kí Dàwódù máa rò ó ní ọmọge. Kì í ṣe ọmọge. Ó ti lé ní ogójì ọdún, wọ́n fi àtíkè bo abẹ́ ojú rẹ̀. Ó ń bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo òdòdó, ọ̀rọ̀ líle, orí rẹ̀ lókè. Dàwódù wò ó láti ojú dé àyà, dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn ẹsẹ̀ tábìlì, níbi tó ti rò pé kámẹ́rà kò lè rí òun, ó ti bọ́ bàtà kan. Ó gbé ẹsẹ̀ lásán náà lé orí èkejì, ó ń fi àtàǹpàkò rẹ̀ ra á díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ti wà lórí ìdúró láti ìdájí tí wọn kò tíì ní kó máa lọ sílé.

Ó ju ogójì ìrọ̀lẹ́ lọ tí òun àti obìnrin yìí ti jọ wà nídìí iṣẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́," ni Dàwódù wí sí i lábẹ́lẹ̀, ó sì tẹra mọ́ wíwò ó, nítorí pé obìnrin náà ti ń kọ ẹ̀yìn sí ọkùnrin náà, kò sì ní í pẹ́ yíjú padà.